Bí Àgbà bá Ṣubú, a Wo Ẹ̀yìn: Kọ̀ǹpútà Ilé tí kò Rí Íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ lẹ́yìn Ìdápadà

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ yìí kò yọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Nígbà tí ara kọ̀ǹpútà kò bá yá mọ́, ọ̀kan nínú àwọn ìtọ́jú tí àwọn tí ó ṣe é ti pèsè sílẹ̀ ni pé kí ó wo ẹ̀yìn, kí ó wá ọjọ́ kan tí ara rẹ̀ le koko, kí ó sì padà sí ipò tí ó wà ní ọjọ́ náà. Ìdápadà ni orúkọ tí a ó máa pe ìtọ́jú yìí. Ìtọ́jú tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti lò ó tán tí wọ́n rí i pé àìsàn àkọ́kọ́ lọ, òmíràn sì rọ́pò rẹ̀: kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n kò rí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́.

Kí a fi ojú inú wo olùkọ́bìnrin kan tí ó ń gbé ní agboolé àtijọ́ kan ní Bẹyerúnkà, ní àárín gbùngbùn Ìbàdàn. Ẹ̀kọ́ bàólójì ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti sìn ín fún ọdún mẹ́sàn-án. Inú rẹ̀ ni gbogbo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà. Inú rẹ̀ náà ni máàkì àwọn ọmọ wà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó yẹ kí ó fi máàkì àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá ránṣẹ́ sí àjọ WAEC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ rẹ̀ kan fi ètò eré kan sínú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí dákú dájí. Olùkọ́ náà rántí ìdápadà. Ó dá kọ̀ǹpútà padà sí ipò tí ó wà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Ètò eré náà pòórá, ara ẹ̀rọ sì yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ ṣí ojú ewé tí yóò kọ máàkì sí, òfo ni ó bá.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí Ọjà'ba. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi dá a lóhùn.

"Màmá, ẹ má dààmú ara yín. A ó fọ́máàtì ẹ̀ ni. Kí ẹ tó ra ọjà yín tán, ó ti parí."

"Àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́sàn-án tí ó wà nínú ẹ̀ ńkọ́, ọmọ mi?"

"Ìyẹn lè lọ o, mà. Ṣé ẹ ní ibòmíràn tí ẹ kó wọn sí?"

Olùkọ́ náà kò ní ibòmíràn. Ó dúpẹ́, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sábẹ́ apá, ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Lórí ìpinnu yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí dúró. Kí a fọ́máàtì kọ̀ǹpútà ni pé kí a nu inú rẹ̀ nù pátápátá, kí a sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ó ní ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kọ̀ǹpútà tí ó sọ ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì nù kò tíì sọ ọpọlọ rẹ̀ nù. Ohun tí ó yẹ ni kí a wá ibi tí okùn ti já, láti ibi tí ó sún mọ́ wa lọ sí ibi tí ó jìnnà, kí a sì so ó níbẹ̀.

Ohun tí ìdápadà ń ṣe

Ilé iṣẹ́ Microsoft fi ètò ìdápadà tí wọ́n pè ní System Restore sínú Windows Me ní ọdún 2000, ó sì wà nínú Windows XP àti àwọn tí ó tẹ̀lé e. Láti ìgbà dé ìgbà, pàápàá nígbà tí a bá fẹ́ fi ètò tuntun sínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ náà lè ṣe àkọsílẹ̀ bí inú rẹ̀ ti rí. Àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan dà bí àmì tí ọdẹ fi sí ara igi nínú igbó, kí ó má baà ṣìnà bí ó bá ń padà bọ̀. Nígbà tí a bá ní kí ẹ̀rọ padà, ìdí ọ̀kan nínú àwọn àmì wọ̀nyí ni ó ń padà sí.

Kì í ṣe ohun gbogbo ni ó ń dá padà. Lẹ́tà, àwòrán, orin àti àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ kò kàn án. Ibi tí ó bá wọn ni ó ń fi wọ́n sí. Ohun tí ó ń dá padà ni egungun àti iṣan ẹ̀rọ náà: àwọn fáìlì tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, ìwé ńlá tí ẹ̀rọ ń kọ gbogbo ètò rẹ̀ sí, àwọn ètò iṣẹ́ tí a fi sínú rẹ̀, àti díráífà. Díráífà ni ògbufọ̀ tí ó dúró láàárín kọ̀ǹpútà àti ẹ̀yà ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yà tí ó ń gba Wi-Fi ní ògbufọ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yà tí ó ń gbé ohùn jáde ní tirẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá gbàgbé èdè, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò yé.

Ibí yìí ni wàhálà ti ń wá. Kọ̀ǹpútà padà sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ayé tí ó yí i ká kò bá a padà. Díráífà tí a ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ti di ti àtijọ́, ó sì lè máà bá àwọn fáìlì mìíràn mu mọ́. Ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì lè padà ní ìlàjì, kí ìlàjì kejì má padà, kí ó wá dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹ̀ṣọ́ tí kò dá ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Nọ́ńbà tí ẹnì kan fi ọwọ́ kọ sínú ẹ̀rọ nígbà kan rí, tí a sì ti pa rẹ́, lè tún jí dìde. Ìsopọ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá ṣe. Àdéhùn ni láàárín ẹni méjì. Bí ẹnì kan bá padà sí àná tí ẹnì kejì sì wà ní òní, àdéhùn bàjẹ́ nìyẹn.

Ọ̀nà láti inú yàrá dé etí òkun

Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn àtijọ́, láti Òkè Màpó dé Bẹẹrẹ àti Bẹyerúnkà, yóò tètè mọ bí ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì ti rí. Yàrá wà nínú agboolé. Agboolé ní ẹnu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà já sí òpópó. Òpópó já sí títì ńlá tí ó ń lọ sí Èkó. Kọ̀ǹpútà dà bí ẹni tí ó wà nínú yàrá. Ráútà, tàbí fóònù tí ó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì fún un, ni ẹnu ọ̀nà agboolé. Kò sí ọ̀rọ̀ tí yóò jáde tàbí tí yóò wọlé tí kò ní gba ibẹ̀. Ráútà yìí kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ baálé: ó ń fún olúkúlùkù tí ó bá wọlé ní nọ́ńbà yàrá tirẹ̀, kí iṣẹ́ tí a rán sí i má baà lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti jáde ní ẹnu ọ̀nà, ó gba ọ̀dọ̀ òpó ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ó gba okùn orí ilẹ̀ dé Èkó, ó sì wọ inú okùn tí a tẹ́ sí ìsàlẹ̀ òkun. SAT-3, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2002, ni okùn abẹ́ òkun tí Nàìjíríà gbára lé kí Glo-1 àti MainOne tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. WACS sì tẹ̀lé wọn ní 2012.

Ohun kan ṣì kù. Ní agboolé àtijọ́, àlejò kì í sábà béèrè nọ́ńbà ilé. Orúkọ agboolé ni ó ń béèrè, àgbàlagbà tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà a sì nawọ́ sí i fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni íntánẹ́ẹ̀tì rí. Nọ́ńbà ni àwọn ẹ̀rọ fi ń mọ ara wọn. Orúkọ ni ènìyàn mọ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ orúkọ di nọ́ńbà. DNS ni wọ́n ń pe ètò wọn. Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí wọn bi léèrè, títì lè là gbooro kí àlejò má sì mọ ilé tí yóò yà sí.

Ẹni tí ó bá ti ní àwòrán ọ̀nà yìí lọ́kàn lè máa rìn ín ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi dé ibi tí ó ti já.

Wíwá àléébù ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Òfin méjì ni ó ṣáájú gbogbo ìgbésẹ̀. Èkíní ni pé kí a kọ́kọ́ da gbogbo àkọsílẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì sórí fúláàṣì, nítorí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí àtúnṣe lè mú wá. Èkejì ni pé ohun kan ṣoṣo ni kí a yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí a dán an wò, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ó yí nǹkan márùn-ún padà pọ̀ lè rí ìwòsàn, ṣùgbọ́n kò ní mọ èwo nínú wọn ni oògùn.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí a mú fóònù kan, kí a pa dátà tirẹ̀, kí a sì so ó mọ́ Wi-Fi tí kọ̀ǹpútà ń lò. Bí fóònù náà kò bá rí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ìdápadà. Ó lè jẹ́ pé dátà ti tán, tàbí pé ráútà nílò kí a pa á fún ìṣẹ́jú kan kí a tún tàn án. Ó sì lè jẹ́ pé ìgbì rédíò kò rí ọ̀nà wọlé, nítorí ògiri amọ̀ tí ó nípọn àti òrùlé páànù a máa dí i lọ́wọ́. Kí a gbé ráútà sún mọ́ fèrèsé. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá rí íntánẹ́ẹ̀tì tí kọ̀ǹpútà kò rí i, ìdájọ́ ti dé: inú kọ̀ǹpútà ni okùn ti já.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ̀yà tí ó ń gba Wi-Fi. Kí a kọ́kọ́ wò ó bóyá ipò ọkọ̀ òfuurufú, tí wọ́n ń pè ní Airplane mode, ni kọ̀ǹpútà wà. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, bọ́tìnì kékeré kan máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ó ń tan Wi-Fi tí ó sì ń pa á. Bí ìyẹn kò bá níṣòro, kí a ṣí Device Manager, kí a wá ibi tí a kọ Network adapters sí. Bí àmì àwọ̀ òféèfèé tí ó ní ìlà ìyanu nínú bá wà lára orúkọ ẹ̀yà Wi-Fi, tàbí bí orúkọ náà kò bá tilẹ̀ sí níbẹ̀, ògbufọ̀ ni ó ṣàìsàn. Kí a yọ ẹ̀yà náà kúrò nínú ìwé pẹ̀lú Uninstall, kí a pa ẹ̀rọ, kí a tún tàn án. Lọ́pọ̀ ìgbà, Windows yóò fúnra rẹ̀ wá ògbufọ̀ tí ó bá a mu.

Bí kò bá rí i, díráífà tuntun ni a nílò, inú íntánẹ́ẹ̀tì ni díráífà sì wà. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú yàrá tí ó tì. Fóònù ni yóò yanjú rẹ̀. Kí a fi okùn USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, kí a sì tan ohun tí wọ́n ń pè ní USB tethering lórí fóònù náà. Ọ̀nà yìí kò gba ara ẹ̀yà Wi-Fi kọjá rárá, nítorí náà àìsàn rẹ̀ kò dí i lọ́wọ́. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dé, kí a lọ sí ojú ewé ilé iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà, HP ni o, Dell ni o, tàbí Lenovo, kí a gba díráífà tí ó bá irú ẹ̀rọ náà mu gan-an.

Ìgbésẹ̀ kẹta: kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà. Bí orúkọ Wi-Fi bá hàn ṣùgbọ́n tí kò gbà wá wọlé, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ aṣínà tí kọ̀ǹpútà rántí má bá ti òde òní mu. Kí a ní kí ó gbàgbé ìsopọ̀ náà pẹ̀lú Forget, kí a sì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́tun. Ẹni tí ó ń lo módẹ́ẹ̀mù tí a ń kì sí ihò USB ní ọ̀nà tirẹ̀: ètò módẹ́ẹ̀mù lè bá ìdápadà lọ, a ó sì tún fi í sínú ẹ̀rọ láti ara módẹ́ẹ̀mù fúnra rẹ̀, kí a sì rí i pé orúkọ ọ̀nà ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ìyẹn APN, pé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: nọ́ńbà yàrá. Kí a ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, kí a tẹ ipconfig. Bí nọ́ńbà kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, a jẹ́ pé baálé kò dá a lóhùn, ni ó bá fi ara rẹ̀ joyè. Kí a wo ètò ẹ̀yà Wi-Fi náà, kí a rí i pé gbígba nọ́ńbà fúnra rẹ̀ ni a yàn, kì í ṣe nọ́ńbà tí a fi ọwọ́ kọ. Lẹ́yìn náà, kí a tẹ ipconfig /release, kí a tẹ̀lé e pẹ̀lú ipconfig /renew, kí ó lè lọ kí baálé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bíbéèrè lójú ọ̀nà. Àṣẹ ping a máa kàn ilẹ̀kùn, a sì máa dúró de ìdáhùn. Kí a kọ́kọ́ tẹ ping 127.0.0.1, èyí tí ó jẹ́ pé ara rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń kí. Kí a tẹ ping tẹ̀lé nọ́ńbà tí ipconfig kọ síwájú Default Gateway. Ẹnu ọ̀nà agboolé nìyẹn. Kí a wá tẹ ping 8.8.8.8, nọ́ńbà ẹ̀rọ Google kan. Níkẹyìn, kí a tẹ ping google.com. Ibi tí ìdáhùn bá ti dákẹ́ ni okùn ti já. Bí nọ́ńbà bá dáhùn tí orúkọ kò sì dáhùn, ẹni tí ń tọ́ka ilé ni kò sí lẹ́nu iṣẹ́: kí a tẹ ipconfig /flushdns, kí a sì rí i pé gbígbà fúnra rẹ̀ ni DNS náà wà.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: àwọn ẹ̀ṣọ́. Bí gbogbo ping bá dáhùn tí ojú ewé kò sì ṣí, kí a wò ó bóyá kọ̀ǹpútà ń gba ọ̀dọ̀ alárinà kan tí wọ́n ń pè ní proxy. Bí ó bá wà láìnídìí, kí a pa á. Kí a yọ ètò agbógunti fáírọ́ọ̀sì tí ó ti di ìlàjì, kí a sì tún un fi sí i lódindi. Kí a wo aago kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, nítorí ojú ewé tí ó ní ààbò kò ní gba ẹ̀rọ tí ọjọ́ rẹ̀ kò tọ̀nà. Nínú ẹ̀rọ tòkunbọ̀, bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tí ń tọ́jú aago máa ń kú. Bí gbogbo èyí kò bá ṣe é, kí a tẹ netsh winsock reset, kí a tẹ netsh int ip reset, kí a sì pa ẹ̀rọ kí a tún tàn án. Àwọn àṣẹ méjì yìí ń tún ìpìlẹ̀ ìsopọ̀ tẹ́ láìfọwọ́ kan àkọsílẹ̀ ẹnikẹ́ni. Nínú Windows 10 àti 11, Network reset ń ṣe iṣẹ́ tí ó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n a ó tún gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi tẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan ṣì wà tí ọ̀pọ̀ kì í rántí. Ìdápadà fúnra rẹ̀ ṣeé dá padà. Bí a bá tún ṣí System Restore, yóò bi wá léèrè bóyá a fẹ́ fagi lé èyí tí a ṣe kẹ́yìn, àyàfi bí ó bá jẹ́ pé inú Safe Mode ni a ti ṣe é. Kí ẹni tí yóò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì rí i pé bátìrì kún, nítorí iná tí ó lọ láàárín iṣẹ́ lè sọ egbò kékeré di àdáàjinná.

Nígbà tí àléébù jìnnà

Ìrìn yìí náà ni ó ń sọ fún ènìyàn ìgbà tí kò yẹ kí ó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rẹ̀ rárá. Ní ọdún 2009, okùn SAT-3 bàjẹ́ ní agbègbè Orílẹ̀-èdè Benin, íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà sì dẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nínú òkun ní ìtòsí Abidjan. Ó kan Nàìjíríà, Gánà, Côte d'Ivoire àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Iṣẹ́ báńkì àti ti tẹlifóònù dojú rú. Ẹni tí ó bá fọ́máàtì kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Bẹẹrẹ ní ọjọ́ náà kàn fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti òkèèrè. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, àtúnṣe kan tí ilé iṣẹ́ CrowdStrike fi ránṣẹ́ sínú ètò ààbò rẹ̀ dá kọ̀ǹpútà Windows tí Microsoft ṣírò sí nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 dúró káàkiri ayé. Ọkọ̀ òfuurufú kò lè gbéra ní ọ̀pọ̀ ibùdókọ̀, ilé ìwòsàn sì há. Bí ó ti pọ̀ tó, fáìlì kan ṣoṣo ni ó fà á. Ìtọ́jú tí wọ́n là sílẹ̀ ni kí a tan ẹ̀rọ ní Safe Mode, kí a pa fáìlì yẹn rẹ́, kí a sì tún ẹ̀rọ tàn. Àwọn tí ó wá ibi tí okùn ti já ni wọ́n rí i pé kò tóbi.

Ohun tí ó kan olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́

Kò yẹ kí a dá gbogbo ẹ̀bi lé ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó wà nítòsí Ọjà'ba. Fọ́máàtì ní àkókò tí ó dájú. Wíwá àléébù kò ní. Oníbàárà kì í sì í fẹ́ san owó fún wíwá. Ohun tí a tún ṣe ni ó ń sanwó fún. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ wá tí ó ní, "Kò ṣiṣẹ́ mọ́," kò fún alátùn-únṣe ní nǹkan kan dì mú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lè sọ pé, "Ìdápadà ni mo ṣe ní àná, fóònù ń rí Wi-Fi náà, àmì wà lára ẹ̀yà Wi-Fi nínú Device Manager," ti ṣe ìlàjì iṣẹ́ náà, ó sì ti gba àkọsílẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Olùkọ́bìnrin Bẹyerúnkà dé ilé, ó jókòó, ó sì ronú bí ẹni tí ń kọ́ni ní bàólójì. Ó mọ̀ pé nínú àyẹ̀wò, ohun méjì ni a ń gbé síra, kí gbogbo nǹkan bá ara wọn dọ́gba àyàfi ẹyọ kan. Fóònù àti kọ̀ǹpútà lórí Wi-Fi kan náà: fóònù rí ọ̀nà, kọ̀ǹpútà kò rí i. Ó da iṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án sórí fúláàṣì. Ó ṣí Device Manager, ó rí àmì òféèfèé. Ó yọ ẹ̀yà náà, ó tún ẹ̀rọ tàn. Àmì kò lọ. Ó fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ó gba díráífà tuntun, ó sì tún ẹ̀rọ tàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, máàkì àwọn ọmọ ti lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó kọ ìgbésẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Kì í ṣe nítorí kọ̀ǹpútà nìkan. Ẹ̀rọ yóò máa yí padà. Windows tí ó wà lóde lónìí yóò di ti àtijọ́ lọ́la, àwọn àṣẹ tí a kà sílẹ̀ wọ̀nyí yóò sì yí padà. Ohun tí kò ní yí padà ni ìrìn láti ibi tí ó sún mọ́ wa lọ sí ibi tí ó jìnnà, ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, àti àkọsílẹ̀ ohun tí a rí. Dókítà ń lò ó lára aláìsàn, mẹkáníìkì ń lò ó lára ọkọ̀, onídàájọ́ sì ń lò ó lórí ẹ̀rí. Ọmọ tí ó bá kọ́ ọ níwájú kọ̀ǹpútà tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọ́ ohun tí yóò lò títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Kọ̀ǹpútà tí ó wo ẹ̀yìn kí ó tó dìde kò ṣe ohun tí ó burú. Ẹni tí ó ni ín ni ó kù kí ó fà á lọ́wọ́, kí ó sì mú un padà dé ẹnu ọ̀nà.